Ohun Tí Mo Lọ̀ Mọ́ Agúnmu Orúnkún

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò lè sọ fún ọkọ mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé obìnrin kan lè kú, èmi nìkan ni mo sì mọ ohun tí yóò pa á.

Agúnmu ni mo ń tà ní Kemta. Ìyá Ràbí aláró jẹ́ oníbàárà mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń lóṣòó ti ìkòkò aró, orúnkún rẹ̀ wú, kò sì lè kúnlẹ̀ mọ́. Nílé ọkọ rẹ̀, wọ́n ní ìgbéraga ni. Bó bá kí ìyálé rẹ̀ ní ìdúró, ìyẹn kì í dáhùn.

Èèpo igi tí mo ń gún kò tètè ṣiṣẹ́. Orúnkún ń dun èmi náà, ẹnì kan ní kẹ́míìsì sì ti fi oògùn oníhóró kan hàn mí tó ń mú un rọ̀ kíákíá. Mo ń lò ó. Mo lọ̀ ọ́ mọ́ agúnmu tirẹ̀ pẹ̀lú. N kò sọ fún un.

Kò pẹ́, ó kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ̀. Ìyẹn ní, “Àṣé orúnkún ẹ ò tíì kú. Àwa lo ò fẹ́ kúnlẹ̀ fún.”

Ẹ̀rín ni Ìyá Ràbí fi sọ ọ́ fún mi. Ó padà sídìí aró, ó ń ṣe ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn nígbà náà.

Lẹ́yìn náà, oògùn ọ̀hún wọ́n. Mo fi èyí tó kù sílẹ̀ fún agúnmu Ìyá Ràbí, mo sì dá tèmi dúró. Èébì mú mi, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú lẹ́yìnkùlé. Díẹ̀ ló kù kí n lọ.

Mo sọ oògùn tí mo ń lò fún dókítà obìnrin tó tọ́jú mi. Ó ní, “Mọ́mì, ara wa máa ń ránṣẹ́ sí àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú oríkèé: ẹ tún ibí ṣe, ẹ wó ibẹ̀. Béèyàn bá ń dàgbà, iṣẹ́ tí ara ń rán pé kí wọ́n wó o ló máa ń pọ̀ jù. Oògùn yín pa ìrora náà lẹ́nu mọ́ ni. Oríkèé ṣì ń bàjẹ́. Ara yín sì ti gbára lé e, ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì.”

N kò dárúkọ Ìyá Ràbí fún un. Ẹ̀rù bà mí. Mo délé, mo tún ń lọ̀ ọ́ fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá dúpẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, orúnkún mi ti yá, mi ò ní mu agúnmu mọ́ tí mo bá lọ. Ọmọ mi tó wà ní Wásinmi fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, èmi ni n ó wẹ ọmọ fún un.”

Mo ní kó má dá a dúró. Ó ní, “Ẹ ò fẹ́ kọ́jà yín má tà ni.”

Bó bá ṣubú ní Wásinmi, kò sẹ́ni tí yóò mọ ohun tí wọn yóò sọ fún dókítà. Bí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ rẹ̀ lè fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún òun fúnra rẹ̀, tàbí kí n wá dókítà yẹn lọ, kó bá mi sọ ọ́? Kò tíì lọ, ṣùgbọ́n oyún ọmọ rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí.