Kòkó Ọjọ́ Méjì

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, ní Oǹdó, kò sẹ́ni tó máa fọ́ kòkó lónìí kó sá a lọ́la. Ta ló bí i? Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ, bàbá mi á da kòkó tútù jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó, a ó jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. A ó yí i lọ́jọ́ kejì. A ó tún yí i lọ́jọ́ kẹrin. Ọjọ́ mẹ́fà! Ẹ̀yin tí ẹ ò lè dúró kí omi hó... Ó dáa, mi ò ní bínú.

Kòkó yẹn ló rán ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níléèwé. Àbí ẹ rò pé ojú ọ̀run ni àwọn dókítà àti lọ́yà Oǹdó ti já bọ́? Abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti wá!

Nígbà yẹn, ìjọba máa ń rán àwọn tó ń yẹ kòkó wò káàkiri. Wọ́n á la hóró sí méjì. Bí àwọ̀ inú rẹ̀ bá rí bí ti àlùbọ́sà, kò tíì kan nìyẹn, gbé e padà sílé. Bàbá mi ò gbé e padà rí.

Mo wá lọ́kọ sí Àkúrẹ́. A dáko sí Ilu-Abo. Ni ọdún líle bá dé. Náírà já wálẹ̀, ìjọba tú àwọn ayẹkòkówò ká, ẹni tó bá ṣáà ti ní òṣùwọ̀n ń ra kòkó. Wọ́n ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Tútù o, gbígbẹ o, gbé e wá! Gbogbo ayé ń sá kòkó ọjọ́ méjì sórí títì ọlọ́dà. Èmi náà... ọmọ márùn-ún, kí ni ǹ bá ṣe? Mo sá a.

Bàbá mi wá kí wa láti Oǹdó. Wọ́n bá mi lọ́dọ̀ oníkòkó kan nítòsí Ọjà Ọba, a ń wọn kòkó lọ́wọ́. Wọ́n mú hóró kan, wọ́n gé e jẹ. Wọ́n tu ú.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ wo?"

Oníkòkó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìwọ̀n ni mò ń rà, n ò ra ìtàn."

"Ẹni tí ìwọ náà ń tà á fún, ṣé kò léyín ni?"

"Ọ̀nà rẹ̀ jìn, Bàbá. Kó tó gé e jẹ, a ti jẹun tiwa."

Wọ́n kọjú sí mi. "Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́? Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Wọ́n wà níléèwé, Bàbá."

"Iléèwé dára. Ta ni yóò wá kọ́ wọn ní tibí?"

Mo ní bí nǹkan bá ti rọ̀, màá kọ́ wọn. Ó rọ̀ bí? Bàbá mi kú. Àwọn ọmọ mi gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n gba iṣẹ́ ìjọba. Kò sí èyí tó rí òkìtì kòkó tó kan rí.

Ọmọ ọ̀kan nínú wọn wá nìyí, Tọ́pẹ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kà ní yunifásítì! Ọdún mẹ́rin tí ìyanṣẹ́lódì sọ di mẹ́fà. Ó kó àpò kòkó mẹ́ta láti oko wa lọ tà lóṣù tó kọjá; àwọn oníkòkó tún ti ń la hóró wò báyìí, wọ́n dá a padà fún un. "Màmá, wọ́n ní kò kan."

"Kí ni wọ́n wá kọ́ yín?"

"Wọ́n kọ́ wa, Màmá. Ó wà nínú ìwé."

Ìwé! Ìwé a máa gbóná bí?

Mo ní kó fọ́ òmíràn, a bò ó. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ka ọjọ́ lásán kí wọ́n tó yí i; wọ́n á ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ooru ibẹ̀ ló máa sọ bóyá ó tó. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, lójú gbogbo yín. Mi ò gbọ́ ooru kankan. Ọwọ́ àgbà ti kú, ẹ̀yin ọmọ.

Mo ní, "Tọ́pẹ́, ti tìrẹ bọ̀ ọ́. Ó gbóná?"

"Ó gbóná, Màmá."

"Gbóná báwo?"

"Ó kàn... gbóná."

Hẹ̀n! Ta ni kí n lọ bi? Gbogbo ọdún tí mo fi ń dúró kí nǹkan rọ̀, ọwọ́ yìí ṣì ń gbọ́ ooru nígbà náà. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ fi lé ọmọ lọ́wọ́ nínú ìnira náà. Ọwọ́ rẹ ló kù báyìí, Tọ́pẹ́, tún tì í bọ inú òkìtì náà. Bóo bá ṣe é tì, tún un ṣe, títí yóò fi mọ̀ ọ́n...

Ẹ wò ó, ó ti yọ ọwọ́! Ta ló ní kóo yọ ọ́? Dá a padà.