Mo Yí Ọ̀rọ̀ Dókítà Padà fún Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò sọ fún alùfáà, tí n kò sọ fún ọmọ tí mo bí. Ìyàwó mi kú láì mọ̀ ọ́n. Mo ti rò pé n óò gbé e lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, mo rí i pé irọ́ tí mo pa kò bá ìyàwó mi kú. Ó ti wọ ilé ẹlòmíràn, ó sì fẹ́ pa ẹni tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ayé mi ṣe. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí. Mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé fún ìgbà pípẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì sí Òkìtìpupa. Ìyàwó mi, Morádékẹ́, jẹ́ ọmọ Ìkọ̀yà. Ìdílé tó ń ṣe epo pupa ni wọ́n bí i sí. Kò kàwé, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn obìnrin ló ń tẹ epo. Bí ẹyìn bá ti jinná, wọn a dà á sínú kòtò ńlá tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Wọn a ká aṣọ dé orúnkún, wọn a bọ́ sínú rẹ̀, wọn a di igi tó wà ní ìdábùú kòtò mú, wọn a sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan á dá orin, àwọn yòókù á gbè é, ẹsẹ̀ gbogbo wọn á sì máa bá orin lọ. Iṣẹ́ tí Morádékẹ́ mọ̀ láti kékeré nìyẹn. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, mo ní ìyàwó tíṣà kì í wọ kòtò epo. Mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tó bá lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀, òun àti Tẹniọlá àbúrò rẹ̀ a jọ bọ́ sí kòtò, a sì fi èékánná pupa padà wálé.

Ọwọ́ ọ̀tún ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìka ẹni tó ń ran òwú. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ kò fẹ́ gbéra mọ́. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, a dúró gbagidi, bí ẹni pé ilẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Oorun náà sì lọ. Kò lè yí ara padà lórí ibùsùn. Bí oorun bá gbé e lọ díẹ̀, a máa pariwo, a máa ta ẹsẹ̀. Ó gbá mi lẹ́nu lójú oorun nígbà kan, ètè mi wú, mo sì lọ sí ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán, a máa tòògbé nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu. Bí ó bá dé Ìkọ̀yà tó wọ kòtò epo, ẹsẹ̀ tí kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà a máa lọ sókè sódò bí ti àwọn yòókù. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ a ti mọ ohun tí yóò ṣe. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a máa sùn. Mo gbọ́ tí obìnrin kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ pé, "Ìyàwó tíṣà, ọwọ́ tìrẹ ti ń jó kí á tó dá orin." Morádékẹ́ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ pẹ́ dé ijó." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.

Ní àkókò yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé mi ti ń sín in jẹ. Mo bá wọn ní pápá ìṣeré, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń gbọn ọwọ́. Mo nà wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgba tí mo lè fi na ìtìjú tó mú mi lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbàlagbà ń sọ tiwọn náà. Àwọn kan ní ó búra èké. Àwọn kan ní tíṣà ò tọ́jú ìyàwó rẹ̀, tó fi ń gbọ̀n wọ kòtò epo kiri.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Òyìnbó ni dókítà náà. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ó sì jáde. Dókítà yẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kó rìn. Ó wá sọ fún mi pé kò sí oògùn tó lè lé àìsàn náà lọ, pé èyí tí òun yóò fún un kàn lè dín gbígbọ̀n náà kù díẹ̀ ni. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ó máa rìn, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, kí ó rẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sán kí oorun lè wá ní alẹ́. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ tó mọ̀. Mo sọ ti kòtò epo àti orin fún un. Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n má ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí ó bá jókòó, ara rẹ̀ yóò le bí igi.

Morádékẹ́ ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Bàbá Bọ̀dé, kí ni wọ́n wí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo ní, "Wọ́n ní kí o jókòó. Wọ́n ní kòtò epo ló fà á. Bí o bá tún wọ̀ ọ́, yóò pa ọ́."

Ó wo dókítà, ó tún wò mí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín."

Mo ní bí òyìnbó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó gbà. Pẹ̀lú ara rẹ̀ tó ti le, ó fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, èmi ni mo gbá a mú kó má baà ṣubú.

N kò ní sọ fún yín pé ẹ̀rù ń bà mí kó má ṣubú sínú kòtò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú ló tì mí. Kò sí ohun mìíràn.

Ó jókòó. Mo ra àga onítìmùtìmù fún un, àwọn ọmọ wa sì ń yìn mí pé mo ń tọ́jú ìyá wọn. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́. Ó ń tòògbé látàárọ̀ dalẹ́ lórí àga, oorun kò sì sí fún un ní òru. A máa bi mí pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́, nígbà tí kò tíì pẹ́ tí ilẹ̀ ṣú. Nígbà tó yá, mo kó lọ sí yàrá kejì kí n lè sùn. Mo sì sùn.

Tẹniọlá kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ síbi ìdánwò ní Ìrẹ̀lẹ̀, ó wá fi lọ́rì gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Ìkọ̀yà, wọ́n sì mú un wọ kòtò láàárín obìnrin méjì. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ìbínú lé wọn lọ. Oòrùn ti ga nígbà tí mo débẹ̀. Morádékẹ́ ṣì ń sùn. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀ bí ti ọmọdé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo dúró tì í. Mo mọ ohun tí mo ń wò.

Mo jí i. Mo sì pe àwọn àgbà ilé wọn jọ, mo ní Tẹniọlá fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ní dókítà ti kìlọ̀. Tẹniọlá dìde láàárín wọn. Ó ní, "Tíṣà, irọ́ lẹ ń pa." Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n bi í bóyá òun ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, kò kúnlẹ̀. Wọ́n ní kó má ṣe wọ ilé mi mọ́.

Morádékẹ́ kú ní ọdún tí ogun abẹ́lé parí. Kí ó tó kú, àwa la ń yí i padà lórí ibùsùn. Ó máa ń béèrè àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Tẹniọlá dúró ní ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ mi kò kí i. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbé e wọ kòtò yẹn ló mú ikú yá. Mo gbọ́ ọ, n kò sì sọ nǹkan kan.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n sọ fún mi pé ọwọ́ Tẹniọlá náà ti ń gbọ̀n. Mo lọ wò ó ní Ìkọ̀yà. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ayọ̀ kí mi. Ó ní, "Bàbá, a kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan. Gbogbo ohun tí dókítà yín wí là ń tẹ̀lé." Lẹ́yìn ilé, àwọn obìnrin ń tẹ epo. Mo rí ẹsẹ̀ Tẹniọlá bí ó ṣe ń gbéra nílẹ̀, tí ó ń bá orin wọn lọ. Ọmọ rẹ̀ rí i. Ó rọra fi ọwọ́ tẹ orúnkún ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ó ku àwa méjèèjì, Tẹniọlá ní, "Tíṣà, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè dókítà, èmi ò gbọ́. Mo pè yín ní òpùrọ́ lójú àwọn àgbà. Ìyẹn ló wá ń jà mí."

Mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́."

Ẹnu mi ló ti jáde. Mo jẹ pupuru tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún mi, mo sì padà sílé.

Ẹ̀yin ará, mo ti pinnu. N kò kọ̀wé láti béèrè bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n má sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dákẹ́ nítorí ọjọ́ orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, mo ń lọ sí Ìkọ̀yà. N óò ní kí wọ́n pe àwọn àgbà tó kù, n óò sì sọ lójú wọn pé òtítọ́ ni Tẹniọlá sọ, èmi ni mo purọ́. Mo ti ránṣẹ́ pe Bọ̀dé àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọn kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí wọn yóò pè mí ní bàbá. N kò ní torí ìyẹn padà lọ́nà.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Tẹniọlá bẹ̀ mí nítorí òtítọ́ tó sọ, mo sì gba ẹ̀bẹ̀ náà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín? Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀ ọ́n, kó kọ́ mi.

Irọ́ mi sì ti rìn kọjá Ìkọ̀yà. Mo ti gbọ́ ọ ní Igbótako, lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá ń gbọ̀n nílé yín, tí ẹ mú un jókòó nítorí pé ẹ gbọ́ pé dókítà kan ní kó jókòó, kò sí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ gbé e dìde.