Ẹnu Ọ̀nà Kan, Àmọ́ Méjì Ni

Nínú takisí tó ń gbé wa bọ̀ láti Mọ́lété ni màmá àgbà kan ti bi ọ̀dọ́kùnrin tó gbé wáyà kọ́rùn pé kí ló ń fi í ṣe.

"Kọ̀ǹpútà báǹkì ni mò ń tún ṣe, Màmá. Wáyà kan ló wọ ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, àmọ́ ọ̀nà méjì ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan lọ Ọ̀yọ́, ọ̀kan lọ Ògbómọ̀ṣọ́."

"Wọn kì í kọlu ara wọn?"

"Rárá, kálukú ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ìbàdàn ń gbọ́ tàwọn méjèèjì, Ọ̀yọ́ ò sì gbúròó Ògbómọ̀ṣọ́."

"Kí ló dé tí Ìbàdàn ò sọ fún wọn?"

"Òfin ẹ̀rọ ni, kí ọ̀rọ̀ má baà máa yí po láìtán. Ìròyìn tó bá gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ jáde, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbà."

Màmá yíjú sí i.

"Ẹ̀rọ yẹn jọ mí. Àwọn ọmọ mi méjì ń jà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá rojọ́. Mo ti búra pé mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Kí lẹ wá ṣe sí tiyín?"

"A ò fa wáyà mìíràn. A kàn sọ fún ẹ̀rọ pé ẹnu ọ̀nà kan yìí, méjì ni: ti Ọ̀yọ́ lọ́tọ̀, ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́tọ̀. Ohun tó bá gba tọ̀hún wọlé lè wá gba tìbí jáde."

"Ẹnu ọ̀nà kan, àmọ́ méjì ni." Màmá ń tún un wí lábẹ́ ètè, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Nígbà tá a dé Ọjà'ba tí Màmá ti ní òun máa sọ̀, kò sọ̀.

"Dẹ́rẹ́bà, gbé mi dé Bẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n sunkún lójú mi láàárọ̀, àbúrò tó ń gbé ibẹ̀ ò tíì gbọ́."