Orogún Mi Tú Àṣírí Mi Nítorí Fúnmi

Mọ́níkà Àṣàkẹ́ Erin, ọmọ Kétu, abiyamọ tí kò bí, a-gbọ́mọ-ọlọ́mọ-pọ̀n-bí-ẹni-gbọ́mọ-ẹ̀, orogún mi, sùn re o. Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí owú mi pa ọmọ lára. Ẹ ṣe Halelúyà!

Mo jowú Mọ́níkà. Kí n má purọ́ níwájú pẹpẹ. Èmi ni ìyálé, èmi ni mo bímọ. Síbẹ̀, Fúnmi ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, Mọ́níkà ló máa ń sá tọ̀. Ariwo ọjà Dantokpa a máa mú ọmọ náà ké, kò sì lè wọ bàtà fúnra ẹ̀. Èmi ní ọ̀lẹ ni. Mọ́níkà ní rárá, òun ló wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Madàámù Klarísì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní kó gba inú táyà kọjá, kó fo okùn. Fúnmi kàn dúró ni. Ojú tì mí! Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣe bí ìdánwò ilé-ìwé ni. Mo wá táyà, mo wá okùn, mo ń kọ́ ọ láàárọ̀, mo ń kọ́ ọ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lè rí i pé èmi ni mo mọ ọmọ tọ́.

A padà lọ. Fúnmi ṣe gbogbo ẹ̀, kò ṣì í. Madàámù ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ni Mọ́níkà bá lanu:

"Madàámù, ẹ má tíì kọ ọ́. Ìyálé mi ti kọ́ ọ nílé. Ẹ fún un ní nǹkan tí kò ṣe rí."

Mo jágbe mọ́ ọn: "Ta ló bi ọ́? Ṣé ìwọ lo bí ìyá ẹ̀ ni?"

"Ẹ bú mi tán, ìyálé mi, ká ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò."

Madàámù gbé tábìlì kékeré kan síwájú, ó ní kó gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ọmọ mi yí i po, yí i po, kò mọ̀ bóyá orí ni yóò kọ́kọ́ wọlé ni àbí ẹsẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Madàámù ní ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ: bó bá ti kan ohun tuntun, ara ẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kan ni mi ò fi kí Mọ́níkà. Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run yí ọkàn ọmọ sọ́dọ̀ mi. Kò yí i, ara ọmọ ló tú sílẹ̀. Ògo ni fún un! Fúnmi ń wọ aṣọ fúnra ẹ̀ báyìí, ó ń pọnmi. Tó bá ti ṣe nǹkan tuntun, orúkọ Mọ́níkà ló ń pè. Mo ṣì ń jowú òkú, ẹ bá mi bẹ Olúwa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ̀ pẹ̀lú, torí ọmọ mi rí ìtọ́jú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, a sin Mọ́níkà sí ìlú Ekpè.