Nọ́ńbà Irọ́ Tí Mo Fún Nọ́ọ̀sì Tó Gba Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ-ọmọ Mi

Ògo! Ògo! Ògo fún Ẹni tí kò bínú sí mi nígbà tí mo ti géètì mọ́ olùrànlọ́wọ́ tí Ó rán sí mi! Ẹ bá mi gbé e sókè, ará ìjọ. Ohùn tèmi ti gbó, kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀rí mi kì í ṣe ti oníkánjú.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo máa ń fura. Láti Iléṣà ni mo ti gbé e wá. Nígbà tí Fúnmi ọmọ mi bímọ lọ́dún tó kọjá, tí mo wọ bàálù wá sí Johannesburg láti wá wẹ ọmọ, ìkìlọ̀ tí wọ́n fi sìn mí wá ju ẹrù tí mo dì lọ. Ẹ má dá ẹni tó bá kí yín ní títì lóhùn. Ẹ má yọ fóònù níta. Ẹ má sọ ibi tí ẹ ń gbé fún ẹnikẹ́ni. Mo gba gbogbo rẹ̀, mo tún fi tèmi kún un.

Ọjọ́ kẹta tí ọmọ dáyé, a ṣì wà nílé ìwòsàn. Fúnmi wà ní balùwẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ọmọ Súlù, ó ń rẹ́rìn-ín. Sísítà ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ó mú bébà líle kan dání, wọ́n ya àmì roboto márùn-ún sí i lára.

Ó ní, "Gógo, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ." Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀? Ìgò tí o máa gbà á sí dà?"

"Kò sí ìgò, Gógo. Orí bébà yìí ni a ó kán an sí. Bó bá gbẹ, a ó fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá ọmọ ti fọwọ́ sí i."

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, lórí bébà! Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ òtítọ́, kí lẹ̀ bá rò?

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi wá?"

"Àìsàn àjogúnbá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ń di májèlé lára ọmọ, ojú kì í sì í tètè rí i."

"Àjogúnbá láti ilé ta?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Láti ilé ẹnikẹ́ni, Gógo."

"Kì í ṣe ilé tiwa." Mo wá bi í bóyá gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nílùú yìí ni wọ́n ń gbà á lára wọn. Ó ní rárá o, àwọn tí òbí wọn bá ní kí wọ́n ṣe é nìkan ni. Ẹ gbọ́ o! Kì í ṣe gbogbo ọmọ. Ọmọ tiwa, ọmọ àjèjì, ni wọ́n ń gbẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ara mi ò gbà á.

Ó gún gìgísẹ̀ ọmọ, ọmọ ké. Ẹ̀jẹ̀ kún àmì kìíní, ó kún èkejì, títí ó fi di márùn-ún. Ó gbé bébà náà sílẹ̀ kó gbẹ, ó mú bírò.

"Orúkọ ọmọ?"

"Kò ní. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ."

"Kò burú. Nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Ará, mo mọ nọ́ńbà Fúnmi lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Mo ń pè é, sísítà ń kọ ọ́. Nígbà tó ku méjì, mo yí méjèèjì padà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni! Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀jẹ̀ lè lọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Nígbà tí Fúnmi jáde, ó ní, "Mọ́mì, ṣé sísítà ti wá?" Mo ní ó ti wá, ó ti lọ. Mi ò fi kún un.

A padà sílé wa ní Turffontein. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Bó bá mu ọmú díẹ̀, yóò sùn, a ó máa ta á létí kó tó jí.

Mo ní, "Ẹ ò rí i? Láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni."

Fúnmi ní, "Mọ́mì, ibà pọ́njú ọmọ tuntun ni. Wọ́n ní ó máa ń lọ fúnra rẹ̀."

Dàpọ̀ ọkọ rẹ̀ ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká gbé e padà lọ sọ́dọ̀ wọn."

"Kí wọ́n tún gba márùn-ún mìíràn? Dàpọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ ná. Fúnmi, fún un lọ́mú. Ọmú loògùn ọmọ."

Èmi ni mo sọ ọ́. Olúwa, ṣàánú. Wákàtí wákàtí ni mo ń ní kó fún un lọ́mú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ńbà tí a kò mọ̀ pe Dàpọ̀. Mo ní, "Má gbé e, oníjìbìtì ni." Ó ṣe háà bí ará ìlú yìí, "Éìṣì, òótọ́ lẹ sọ, Mà," ó sì pa á.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Oyin, iyọ̀ àti omi wà lórí tábìlì, a ń retí pásítọ̀. Ẹnìkan tẹ aago géètì. Mo lọ wò ó. Ta ni mo rí? Sísítà! Kò wọṣọ iṣẹ́, òógùn bò ó.

"Gógo! Ọlọ́run ṣeun! Ọmọ náà dà?"

Mo ní, "Ọmọ wo?" Ẹ wo ẹnu mi.

"Gógo, èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé. A pe nọ́ńbà tó wà lára bébà, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. A pe ti bàbá tó wà nínú fáìlì, kò gbé e. Àdírẹ́sì inú fáìlì ni mo tọ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní ọmú mọ́!"

Há! Ta ló ń sọ pé kí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ jòjòló? Ọ̀tá! Mo ní ó wá parí èyí tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti géètì gbàgà, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo ń bá a jà lórúkọ Jésù, òun náà ń kígbe lóde, "Ìyá ọmọ! Ìyá ọmọ!"

Fúnmi gbọ́, ó sáré jáde tòun ti ọmọ ní àyà. "Mọ́mì, ẹ ṣí i."

"N ò ṣí i."

"Mọ́mì!"

Sísítà yọ bébà kan láàárín irin géètì, ó ka nọ́ńbà náà jáde. Fúnmi ní, "Kì í ṣe tèmi. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ tèmi. Ta ló fún yín?"

Sísítà ò dárúkọ mi. Ó wo ilẹ̀. Ọmọ náà bì sí ọrùn ìyá rẹ̀, bíbì ọ̀hún ò tiẹ̀ lágbára. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là.

Mo ní, "Èmi ni. Mo yí i padà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe nǹkan ni."

Fúnmi ò bá mi wí o, ará. Ó kàn na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ì bá sàn kó bú mi!

Kò sí iná ojú títì, èyí tí wọ́n ń pè ní robot níbí, tó dá Dàpọ̀ dúró lọ́jọ́ náà títí a fi dé ilé ìwòsàn. Dókítà wo ọmọ, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n fún un ní oògùn. Ó ní, "Ṣúgà kan wà nínú wàrà, ara ọmọ yìí ò lè lò ó. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìlàjì àìsàn náà wà lára bàbá, ìlàjì wà lára ìyá, kò sì yọ wọ́n lẹ́nu."

Mo ní, "Dókítà, ká ní a kò wá ńkọ́?"

Ó wo ojú mi. "Màmá, ọjọ́ méjì sí i, n kì bá tí rí nǹkan ṣe mọ́."

Haleluyah! Ọjọ́ méjì! Ọlọ́run gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ mi!

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ó jẹ́rìí sí i. Wọ́n fi wàrà sóyà rọ́pò ọmú. Ní ọjọ́ kẹrin tí a dé ibẹ̀, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ la ti sọ ọ́ lórúkọ, Mofìyìnfólúwa. Ó ti ń rìn báyìí, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, ó ń fa aṣọ àwọn tó jókòó níwájú ìyá rẹ̀ ya. O ṣeun, Baba!

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí mi ò parí síbẹ̀. Dókítà bi wá bóyá ọmọ kan ti kú bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí. Fúnmi ní rárá. Mo wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Àkọ́bí mi ni, ọkùnrin. Ojú rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ wú, ó kú ní ọjọ́ kejìlá. Dókítà ní òun ò lè búra nítorí ọmọ tí òun ò rí, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́.

Ará, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló gbé ọmọ yẹn gbẹ̀yìn. Àwọn ni mo fura sí. Ọdún méjìlélógójì, n kò fi ẹnu kan omi nílé wọn. Mo pè wọ́n láti ilé ìwòsàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ń sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Wọ́n wá ní, "Ìyàwó, mo mọ̀. Gbogbo oúnjẹ mi tí o ń dá padà, mo mọ ohun tí o ń rò. Ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń mu wàrà sóyà yẹn?"

Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ sísítà yẹn tó wọ tákísì méjì lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀.

Ìwọ tí o wà nínú wàhálà, tí o ò mọ ẹni tó ń ṣe ọ́, n ò ní kí o má fura. Ìlú là ń gbé. Ṣùgbọ́n béèrè. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, kí o jẹ́ kó fèsì tán. Bí ẹnìkan bá sì wà tí o ti fi ọdún púpọ̀ gbé ẹjọ́ rẹ̀ sínú, tí o ò sọ fún un rí, bó bá ṣì wà láyé, pè é lónìí. Tèmi gbé fóònù. Ògo fún Ọlọ́run, tèmi gbé e!