Polpettone Tó Ń Dúró De Ọmọ

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè sáré lé ọkọ̀ tram ní àdúgbò San Salvario yìí, nílẹ̀ òyìnbó níbí, kí ọwọ́ mi sì tẹ̀ ẹ́... Tọ́lá, má rẹ́rìn-ín, mo sáré rí o. Ṣé fóònù ẹ ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Ìwọ ọmọ ọmọ mi, gbọ́ mi lónìí.

Ìgbà yẹn ni mò ń ṣe badante, olùtọ́jú arúgbó, fún ìyá arúgbó kan. Sìnyọ́rà ni mò ń pè wọ́n. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń dáná. Sunday àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n se polpettone. Ẹran lílọ̀, tí wọ́n pò mọ́ ẹyin àti búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì, tí wọ́n wá mọ gbọọrọ. Ọmọ wọn ọkùnrin ń bọ̀ wá jẹun láti Padua.

Mo wo ẹran. Ẹran tí a ò kọ́kọ́ bọ̀! Mo ní èyí á run ọmọ yẹn nínú, wọ́n á ní èmi ni mo fún un ní májèlé jẹ. Mo yí ooru forno, ààrò iná wọn, sí igba ó lé àádọ́ta. Mo tún ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀ bí ẹni ń yẹ mọ́ínmọ́ín wò. Ṣí, wò, pa dé. Ṣí, wò, pa dé. Ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú bí èédú, inú ẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Sìnyọ́rà wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Kí ni ẹran yìí fi ṣẹ̀ ẹ́?”

Wọ́n wá kọ́ mi. “Ọgọ́sàn-án. Wákàtí kan. Fi fọ́ìlì bò ó fún ogójì ìṣẹ́jú, ṣí i fún ogún tó kù. Má ṣílẹ̀kùn, ooru ń sá lọ. Fi igi tín-ín-rín gún un. Tí omi ẹ̀ bá mọ́, ó ti jinná. Tó bá ṣì pọ́n, dá a padà. Kó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o tó gé e.”

Ìṣẹ́jú! Nílé wa ní Iléṣà, imú ìyá mi ni aago. Inú yàrá ni wọ́n á wà, wọ́n á ní, “Ẹ sọ ọbẹ̀ yẹn kalẹ̀, ó ti tó.” Ó sì ti tó. Ẹ̀yin tòde òní, àfi kí fóònù sọ fún yín pé ebi ń pa yín.

Ẹ gbọ́... wákàtí kan pé, ọmọ Sìnyọ́rà ò dé. Wọ́n ní, “Yí i sí ọgọ́rùn-ún, kó máa gbóná.” A dúró. Wọ́n ní, “Ìdajì wákàtí sí i.” A dúró. Ó wá pè, ó ní kò ní lè wá. Sunday kejì, bákan náà. Sunday kẹta ńkọ́? Polpettone tó bá dúró báyẹn, gbígbẹ ló ń gbẹ. Sìnyọ́rà á máa fi omi tì í lọ́fun.

Mo sọ fún wọn lójú wọn, “Ọmọ Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá ẹ̀. Káyọ̀dé mi ò lè dán an wò.”

Wọ́n ní, “Ọmọ ọdún mélòó ni Káyọ̀dé?”

Mo ní, mẹ́fà.

Wọ́n ní, “Ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń wálé dáadáa.”

Hmm... Sìnyọ́rà ti kú. Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ, ti di bàbá ní Novara, ó ń ṣe turno, iṣẹ́ àṣegbà, ní magazzino tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ṣé Novara jìnnà ni? Kéèyàn tó tòògbé tán nínú treno, ọkọ̀ ojú irin, ó ti débẹ̀. Láàárọ̀ yìí ó ní òun ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán. Mo ní ṣé kí n fi ata rodo sí polpettone ẹ̀? Ó ní kó pọ̀ dáadáa. Aago méjìlá la gbé e wọ forno. Aago ti lu mẹ́ta.

Nílé bàbá mi, bí ẹnì kan ò bá tíì dé, a máa ń bu tiẹ̀ sílẹ̀, a ó fi àwo dé e. Kì í gbẹ. Kí ló fẹ́ mú un gbẹ? Ẹni náà ń bọ̀ lóòótọ́ ni.

Kí lo wí? “Nonna, lo spengo?” Kó o pa forno? Rárá, má pa á.

O bi mí ní iye ìṣẹ́jú. Ọgọ́sàn-án, wákàtí kan. Kọ ìyẹn sílẹ̀. Ti ọgọ́rùn-ún yìí, má wulẹ̀ kọ ọ́. Tó o bá bímọ, wàá mọ̀ ọ́n fúnra ẹ.

Ìdajì wákàtí sí i, ọmọ mi. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.