Láìfù Olóòró Tí Ẹnikẹ́ni Ò Wò

[Ọ̀sán Àbámẹ́ta, Johannesburg. Fèyíkẹ́ wà nínú fúláàtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bruma, ó ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù. Láolú, ẹ̀gbọ́n náà, wà nínú taxi tó ń bọ̀ láti Soweto. Ìpè WhatsApp ń dún.]

LÁOLÚ: Hẹlóò, Fèyí—

FÈYÍKẸ́: Ẹ káàsán, Bọ̀dá Láolú. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ dé?

LÁOLÚ: A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Soweto ni. Ṣé o ti jẹun?

FÈYÍKẸ́: Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́, Bọ̀dá mi. Wọn ò wò mí!

LÁOLÚ: Àwọn wo ni ò wò ẹ́?

FÈYÍKẸ́: Gbogbo ayé! Ó ti pé ogún ìṣẹ́jú tí mo ti wà lórí láìfù. Òdo. Òdo ló wà níbẹ̀, ó jókòó kalẹ̀ bí ẹyin. Ẹyọ ẹnìkan ò tiẹ̀ ṣèèṣì yà wọlé.

LÁOLÚ: Fara balẹ̀. Aago mélòó ni Johnson ní àwọn máa wá wò ẹ́?

FÈYÍKẸ́: Aago mẹ́rin. Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Òun àti àwọn ọ̀gá ẹ̀ méjì, láti ilé iṣẹ́ géèmù wọn ní Sandton. Orí fóònù ni wọ́n ti máa wò ó, lóòró. Ó ní tí mo bá gbé e wá ní ìbú, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé àwọn tó ń wo fídíò kéékèèké kì í yí fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ẹnikẹ́ni.

LÁOLÚ: Àmọ́ mo ti bá ẹ to gbogbo ẹ̀ lánàá! Ó wà lóòró, ó kún ojú ẹ̀, ojú ẹ wà lókè. Kí ló tún bà á jẹ́?

FÈYÍKẸ́: Ẹ bi láptọ́ọ̀pù yín. Lóòró ló wà lóòótọ́, àmọ́ ó dúdú lókè, ó dúdú nísàlẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù wá há sáàárín, tín-ín-rín, bíi bẹ́líìtì. Mo fi máòsì fà á kó fẹ̀, ló bá gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dànù. Mi ò rí winger mi mọ́! Ẹni tó bá ń wò mí á rò pé mò ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹni tí kò sí.

LÁOLÚ: Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Géèmù fẹ̀, fóònù ga. O ò lè kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀. Jẹ́ kí àárín— [fèrè ọkọ̀] —ṣé o gbọ́ mi?

FÈYÍKẸ́: Ẹ ń já. Kí àárín ṣe kí ni?

LÁOLÚ: Kí àárín pápá kún ojú fídíò! Ẹ̀gbẹ́ tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Kámẹ́rà, gbé e sókè pátápátá. Má fi nǹkan kan sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni comment àwọn èèyàn máa ń bọ́ sí, á bò ó mọ́lẹ̀.

FÈYÍKẸ́: Èèyàn wo? Àwọn èèyàn òdo?

LÁOLÚ: Fèyí.

FÈYÍKẸ́: Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n fi yín sórí speaker, pad géèmù wà lọ́wọ́ mi. [fóònù kan tábìlì] Ṣé ẹ gbọ́ mi?

LÁOLÚ: Mò ń gbọ́ ẹ. Wáì-fáì ilé mi ò kúkú burú. Gbé fóònù sún mọ́ ẹ.

FÈYÍKẸ́: Ẹ̀gbẹ́ máìkì gan-an ni mo gbé e sí.

LÁOLÚ: Shap, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yá, di bọ́tìnnì Alt mú, kó o fa etí pupa tó yí géèmù yẹn ká wọlé.

FÈYÍKẸ́: Mò ń fà á... ó ń bọ̀... Ó ti kún! Bọ̀dá, ó kún! Ṣùgbọ́n scoreboard ti bá ẹ̀gbẹ́ lọ. Two-one ni mo fi ń na ọmọ tí mò ń bá gbá yìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

LÁOLÚ: Copy géèmù yẹn, paste ẹ̀. Gé èyí tuntun kó ku scoreboard nìkan. Gbé e sábẹ́ ojú ẹ.

FÈYÍKẸ́: [kíìbọ́ọ̀dù ń dún] Ẹ dúró... ẹ dúró ná... Ọlọ́ṣà! Olórí burúkú! Ìgbà tí mi ò wò ó ló gbá a wọlé! Two-two! Kí àtàǹpàkò ẹ̀ méjèèjì kú tipiri!

LÁOLÚ: Ọmọdé ló máa jẹ́ o.

FÈYÍKẸ́: Kó jẹ́ ọmọdé, kó sì lọ sùn!

LÁOLÚ: Ẹnìkan ń pè mí. Sister Magdalene. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí.

FÈYÍKẸ́: Ìyá Àdúrà? Ẹ má gbé e o! Tẹ́ ẹ bá gbé e, ó di wákàtí kan. Ṣebí aago márùn-ún ni àdúrà wọn, kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ yín láti ìsinsìnyí?

LÁOLÚ: Bóyá ọ̀rọ̀ máìkì ni. Èmi ni mo ń ṣe láìfù àdúrà àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn, o kúkú mọ̀. Ó dáa, mo ti gé e.

FÈYÍKẸ́: Àdúrà tí wọ́n fi ń sùn! Mo wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo wọn ti gbórí lé àyà, Mọ́mì nìkan ló lajú.

LÁOLÚ: [ẹ̀rín] Má bú àwọn ìyá àdúrà, jọ̀ọ́. Gogo, ìyá arúgbó tó wà níwájú mi, ti ń wẹ̀yìn, ó ní ariwo mi pọ̀. Mọ́mì ńkọ́? Kí lo sọ fún wọn lónìí?

FÈYÍKẸ́: Mo ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di aago méje. Aṣọ nọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ kúrò nílé ní Rosettenville. Ó ṣì wà lára mi báyìí, mo kàn wọ hoodie lé e ni.

LÁOLÚ: Oṣù kejì nìyí tó o ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, Fèyí. Ojoojúmọ́ lò ń múra nọ́ọ̀sì wá sílé mi wá gbá géèmù. Èmi náà ń bá ẹ parọ́. Mọ́mì bi mí ní Wednesday pé ṣé clinic yẹn ń tọ́jú ẹ dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú tì mí.

FÈYÍKẸ́: Ṣé ẹ rò pé ó dùn mọ́ mi ni? Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n ti máa ń dín dòdò. "Kí ọmọ mi má fi ebi tọ́jú aláìsàn." Aláìsàn wo? Tí mo bá ti ṣí kúlà yẹn níbí, ọkàn mi máa ń bàjẹ́. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síbí méjì ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀.

LÁOLÚ: Síbí méjì?

FÈYÍKẸ́: Síbí méjì. Oúnjẹ náà sì ti pọ̀ sí i. Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ orí ni.

LÁOLÚ: Wọ́n gbàgbé ni. Wọ́n á ti mú ọ̀kan, wọ́n á tún mú ọ̀kan.

FÈYÍKẸ́: Lójoojúmọ́? Ẹ má jẹ́ n sunkún, mo fẹ́ gbá penalty. Bọ̀dá, tí Johnson bá gbà mí lónìí, tó bá ti fún mi ní ìwé iṣẹ́, màá gbé ìwé yẹn lọ bá Mọ́mì. Màá kúnlẹ̀. Màá sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn fúnra mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ níta. Ìyẹn nìkan ni mo ń bẹ Ọlọ́run. Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

LÁOLÚ: Wọ́n á gb... ẹnu ẹ... ṣé o gb—

FÈYÍKẸ́: Bọ̀dá? Bọ̀dá! Ẹ ti tún já.

LÁOLÚ: Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi báyìí?

FÈYÍKẸ́: Mo gbọ́ yín. Johnson ti kọ̀wé: "We are early. Can't find your live." Kí ló dé, ná? Iná pupa wà níbí! Ó kọ LIVE gàdàgbà!

LÁOLÚ: Eish. Íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

FÈYÍKẸ́: Ó ń lọ geere.

LÁOLÚ: Ojú ẹ ńkọ́? Ṣé ó wà lókè?

FÈYÍKẸ́: Ó wà lókè. Ẹyẹ yẹn nìkan ló jókòó sórí mi.

LÁOLÚ: Ẹyẹ kí ni?

FÈYÍKẸ́: Àdàbà yín. Funfun. Òkè lápá òsì ló wà, bí mo ṣe gbé kámẹ́rà síbẹ̀ ló bà lé mi lórí. Mo ní kó kúrò, kò kúrò. Ẹ ti tì í pa.

LÁOLÚ: Àmì ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Tẹ ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́— Fèyí.

FÈYÍKẸ́: Sà.

LÁOLÚ: Profile tí mo ṣe fún ẹ lánàá, orúkọ ẹ ni mo kọ sí i. Kò sí àdàbà níbẹ̀. Èwo lo ṣí?

FÈYÍKẸ́: Mi ò ṣí nǹkan kan. Mo tan láptọ́ọ̀pù, mo rí ọ̀kan tó wà lóòró, mo bá lò ó. Ṣebí lóòró náà ni gbogbo wa ń wá?

LÁOLÚ: Yéè.

FÈYÍKẸ́: Ẹ má sọ yéè. Kí ló ń jẹ́ yéè?

LÁOLÚ: Ti àwọn ìyá nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo yí tiwọn sí òòró, torí fóònù ni gbogbo wọn fi ń wò ó. Key ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé fídíò lọ sórí page wọn, ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ni fídíò ẹ ń lọ bá!

FÈYÍKẸ́: Rárá.

LÁOLÚ: Dúró, mò ń ṣí i lórí fóònù mi... "Àdúrà Àwọn Ìyá, Live." Fèyí, òdo kọ́ o. Page tìẹ lò ń wò tó fi jẹ́ òdo. Igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá ló ń wò ẹ́.

FÈYÍKẸ́: Igba...?

LÁOLÚ: Bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ti dún lórí fóònù gbogbo wọn. Wọ́n rò pé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí Sister Magdalene fi ń pè mí nìyẹn.

FÈYÍKẸ́: Wọ́n ń rí mi? Pẹ̀lú àdàbà?

LÁOLÚ: Wọ́n ń rí ẹ. Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé, "Kí Olúwa fún àwọn aláṣọ pupa ní ìṣẹ́gun." Mọ́kànlélógún ti ṣe Àmín.

FÈYÍKẸ́: Ọlọ́ṣà tí mo pe ọmọ yẹn... wọ́n gbọ́ ọ?

LÁOLÚ: Níbo lo gbé fóònù ẹ sí?

FÈYÍKẸ́: Mo ti sọ fún yín, ẹ̀gbẹ́ máìk— Mo gbé! Mo gbé, Bọ̀dá!

LÁOLÚ: Wọ́n gbọ́ èmi náà. Sister Magdalene ti kọ ọ́: "Láolú, ṣé ìpè mi lo gé?" Wọ́n tún kọ ìkejì: "A kì í sùn."

FÈYÍKẸ́: Ẹ sọ fún mi pé Mọ́mì ò sí níbẹ̀.

LÁOLÚ: Pa á ná! Pa láìfù yẹn!

FÈYÍKẸ́: Mo ti tẹ̀ ẹ́! Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú! Ó dá mi lójú! Láptọ́ọ̀pù ti há, róbótó kan ló ń yí lójú ẹ̀!

LÁOLÚ: Fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló wà.

FÈYÍKẸ́: Ẹ̀yin náà, ta ní ń fi wáyà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù? [àga ń wọ́ nílẹ̀] Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé Mọ́mì wà níbẹ̀?

LÁOLÚ: Wọ́n wà níbẹ̀.

FÈYÍKẸ́: Láti ìgbà wo?

LÁOLÚ: Orúkọ wọn ló kọ́kọ́ wọlé.

FÈYÍKẸ́: [ẹkún] Mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ fúnra mi. Ìwé yẹn nìkan ni mo ń dúró dè. Oṣù méjì! Mo bá a dé ọjọ́ tó kẹ́yìn! Kì í ṣe Johnson ló rí mi, kì í ṣe àwọn ọ̀gá ẹ̀, Ìyá Àdúrà ló rí mi!

LÁOLÚ: Ẹnu ẹ náà kúkú ni Mọ́mì ti gbọ́ ọ.

FÈYÍKẸ́: Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!

LÁOLÚ: Mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Má sunkún, wọ́n ń rí ẹ. Mọ́mì ti kọ nǹkan.

FÈYÍKẸ́: [láti ọ̀ọ́kán] Mo ti wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ pariwo! Kí ni wọ́n kọ? Rárá, ẹ má kà á.

LÁOLÚ: "Fèyíkẹ́, èmi ni mò ń fọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ. Ó ti pẹ́ tí kò dọ̀tí mọ́." Ṣé o gbọ́ mi?

FÈYÍKẸ́: [láti ọ̀ọ́kán] Mi ò gbọ́! Wáyà mẹ́ta ló wà níbí! Èwo ni?

LÁOLÚ: Wọ́n tún ń kọ ọ́... "Ẹ jẹ oúnjẹ yẹn kó tó tutù. Síbí kejì, ti Láolú ni."

FÈYÍKẸ́: [láti ọ̀ọ́kán] Ṣé èyí tó yẹ́lò ni?

LÁOLÚ: Fèyí, síbí yẹn! Tèmi ni wọ́n ń fi sí i! Wọ́n ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ilé mi lo wà! Má fà á mọ́! Ṣé o gbọ́ mi? Wọ́n ṣì ń kọ nǹkan, má fà á, ṣé o gbọ́—

FÈYÍKẸ́: [láti ọ̀ọ́kán] Mo ti dì í mú!

[Ìpè já.]